Ta Ló Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn?

Obìnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà níwèé nínú yàrá kan lókè ilé ìkàwé. Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é, débi pé àwọn òbí tó bí i lọ́mọ pàápàá kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Bàbá Tíṣà àti Ìyá Tíṣà ni àwọn náà ń pe ara wọn. Ọ̀sán Sátidé ni kíláàsì rẹ̀ máa ń wáyé, nígbà tí oníkálukú bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò pọ̀, mẹ́ta nínú wọn ni ọ̀rọ̀ sì kàn jù. Bíríkìlà wà níbẹ̀, tó máa ń wọlé pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì gbígbẹ lẹ́yìn etí. Onídìrí wà níbẹ̀, obìnrin tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kó má fi tiẹ̀ kún un. Ẹnì kẹta ni Ọ̀gá Gèètì, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́ kan. Ọ̀gá Gèètì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá sọ ọ́, á dà bí ẹni tó ṣí gèètì díẹ̀, tó yọjú, tó sì yára tì í padà.

Ìdánwò ìjọba ti ń kanlẹ̀kùn. Ìṣirò kò dá wọn láàmú, nítorí kò sí ẹni tó ń kọ́lé tàbí tó ń dirun tí kò mọ ìṣirò. Lítíréṣọ̀ ni ẹrù tó wúwo. Tíṣà ti kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó: ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn, àhunpọ̀ ìtàn, ìforígbárí, òǹsọ̀tàn. Wọ́n ti há a sórí bí ọmọdé ṣe ń há orin sórí. Nígbà tó wá fún wọn ní ìdánwò ránpẹ́ láti fi dán wọn wò, ó gbé ìwé wọn lọ sílé, ó mú bírò pupa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ìbéèrè kìíní ni, “Kí ni ibùdó ìtàn?” Bíríkìlà dáhùn pé: “Ibùdó ìtàn ni ibi tí wọ́n ń kó ìtàn pamọ́ sí. Ó yẹ kó ní òrùlé tó dáa.”

Ìbéèrè kejì ni, “Kí ni ìforígbárí?” Onídìrí kọ ọ́ pé: “Ó jẹ́ kí èèyàn méjì máa sáré bọ̀, kí orí wọn wá gbára. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ó dùn mí gan-an.”

Ìbéèrè kẹta ni, “Ta ni olú ẹ̀dá ìtàn inú ìwé tí a kà?” Ìdáhùn Ọ̀gá Gèètì kò ju ìlà kan lọ: “Kò sọ orúkọ ẹ̀ nígbà tó wọlé.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu omi náà tán, ó rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fà á.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Sọ́ńdè, ó lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, ó tú fáànù palẹ̀, ó to nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú ìdérí ìkòkò. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, àtúnṣe ẹ̀rọ agbéniròkè ló ń ṣe, ìyẹn àpótí onírin tó máa ń gbé èèyàn láti àjà kan sí òmíràn nínú ilé gíga. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ilé ìdáná, ó ń kun kéèkì. Kéèkì ló ti ń ṣe tà láti ìgbà ọmọge rẹ̀, kò sì tíì sinmi.

Bàbá gbójú sókè. “Kí ló dé tí ojú ẹ fi rí bí aṣọ tí wọn ò lọ̀?”

“Bàámi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìtàn. Mo ti kọ́ wọn títí, ó sú mi.”

“Ìtàn? Ìtàn wo ló tún ju ti èmi àti ìyá ẹ lọ? Jókòó kó o gbọ́. Ẹ̀rọ há sáàárín àjà kẹta àti ìkẹrin, ìyá ẹ wà nínú ẹ̀. Mo sáré gòkè. Mo dúró díẹ̀ de kọ́kọ́rọ́…”

“Díẹ̀ kẹ̀?” Ohùn ìyá ti ilé ìdáná wá. “Bàbá Tíṣà, ẹ pe ìyẹn ní díẹ̀?”

“Ìyá Tíṣà, ṣé ìwọ lò ń sọ ìtàn ni àbí èmi?”

“Bí mo bá jẹ́ kẹ́ ẹ sọ ọ́, ẹ ò ní sọ ọ́ bó ṣe rí!”

“Ṣé mi ò sí níbẹ̀ ni?”

“Ẹ wà níta. Èmi ni mo wà nínú ẹ̀!”

Láti kékeré ni Tíṣà ti ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, kò sì gbọ́ ìparí rẹ̀ rí. Ibi kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa ń dé tí àríyànjiyàn á fi bẹ́. Bàbá á ní òun ò sọ mọ́, ìyá á ní ó dára bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì jọ jẹun bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, tí ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ láti pálọ̀, tí èkejì ń fèsì láti ilé ìdáná, nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn.

“Ẹ dúró ná,” ó ní. “Ẹ má jà á tán síbí. Ẹ wá jà á ní kíláàsì mi.”

“Kí là ń wá lọ?”

“Ẹ jọ ń bọ̀ ní Sátidé. Bàámi á kọ́kọ́ sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Màámi á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, kí wọ́n má bàa já lu ọ̀rọ̀. Tí Bàámi bá ti sọ ọ́ tán, Màámi á wá wọlé sọ tiwọn.”

Ìyá yọjú pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. “Bí èmi bá wá ń sọ tèmi, kí ni bàbá ẹ á máa ṣe?”

“Wọ́n á dákẹ́.”

“Bàbá ẹ? Dákẹ́?” Ìyá Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ṣíbí fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sátidé pé. Bàbá dé fìlà tó ń dé nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá gbé páálí kéèkì kan lọ́wọ́, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tòun gbọ́dọ̀ mú nǹkan dání. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n sì fi àga kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún un. Tíṣà ti ilẹ̀kùn.

“Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ ‘pọ̀ún’,” ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. “Lónìí, ẹ pa ìwé dé. Ẹ ṣáà máa gbọ́.”

Bàbá Tíṣà dìde, ó wúkọ́, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè.

“Ẹ wo apá yìí. Nígbà tí mò ń wí yẹn, ó tó báyìí méjì. Ọ̀gá mi rin ìrìn àjò, ó ní kí n máa bójú tó ẹ̀rọ ilé gíga kan, ilé tí ọ́fíìsì kún inú ẹ̀ bámúbámú. Lọ́sàn-án gangan, iná lọ. Ẹ̀rọ dúró gbagidi, kò dé àjà ìkẹrin, kò sì padà sí ìkẹta. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń lu irin nínú ẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Tí iná bá lọ, ọwọ́ lèèyàn fi ń yí ẹ̀rọ sọ̀kalẹ̀, inú yàrá kan lórí òrùlé lèèyàn sì ti ń yí i. Wọ́n ti yàrá yẹn pa. Olùtọ́jú ilé tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti jáde lọ jẹun. Mo rán èèyàn lọ pè é. Mo dúró díẹ̀ de kọ́kọ́rọ́…”

Gbì! Nǹkan lu ilẹ̀kùn kíláàsì láti ìta.

“Màámi!” Tíṣà pariwo.

“Mi ò sọ nǹkan kan o,” ohùn dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ìgbọ̀nwọ́ mi ló ṣèèṣì.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá dúró títí ẹ̀rín fi lọ sílẹ̀, ó sì tún gbé ọ̀rọ̀ sókè.

“Ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ dé ni iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Èèyàn méjì ló máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ọ̀kan á tẹ bíréèkì, èkejì á yí wíìlì. Èmi nìkan ni mo ṣe é. Bíríkìlà, jọ̀wọ́, wá bá mi di àga yìí mú, kí wọ́n lè rí i.”

Bíríkìlà di àga mú. Bàbá gbá afẹ́fẹ́ mú bí ẹni tó di wíìlì irin ńlá mú, ó ń yí i, ó ń mí helehele, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ó sọ bí àtẹ́lẹwọ́ òun ṣe bó. Ó sọ bí sípánà ṣe bọ́, tó sì ré kọjá létí òun. Ó sọ bí ooru yàrá yẹn ṣe tó, pé bí èèyàn bá gbé ẹyin síbẹ̀, á jinná. Ìtàn wíìlì yìí pẹ́ débi pé Bíríkìlà jókòó sórí àga tó ń dì mú.

“Ẹ̀rọ ń sọ̀kalẹ̀ bí ìgbín,” ni bàbá wí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ má bàa gbọ́. “Nígbà tó dọ́gba pẹ̀lú àjà kẹta, mo sáré wálẹ̀, mo fi irin fa ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọge kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé páálí lé itan. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé, ‘Ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà?’ Mo ní, ‘Èmi ni.’ Àbí ta ni ì bá tún jẹ́? Èmi ni mo dúró níbẹ̀, èmi ni mo ṣí i! Bó ṣe gbọ́ ọ báyìí, ẹ̀rín bo ojú ẹ̀ bí ìgbà tí iná dé. Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá, ó ní òun wá dúpẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún wá dúpẹ́. Ọpẹ́ wo nìyẹn? Mo mọ̀ pé apá yìí ló rí. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mo dúpẹ́ o.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Tíṣà bi wọ́n pé, “Nínú ìtàn tí ẹ gbọ́ yìí, ta ni olú ẹ̀dá ìtàn?”

“Bàbá ni!” gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ibo ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀?”

“Yàrá orí òrùlé,” ni Bíríkìlà wí. Ó ronú díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. “Áà! Ibùdó ìtàn nìyẹn? Ibi tí wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe ibi tí wọ́n kó o sí?”

“Ìforígbárí ńkọ́? Kí ni bàbá ń fẹ́, kí ni kò sì jẹ́ kí wọ́n tètè rí i?”

Onídìrí na ọwọ́ sókè. “Wọ́n ń fẹ́ kí ẹ̀rọ sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rọ lóun ò sọ̀kalẹ̀.” Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀. “Ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní ìforígbárí kò ju ìyẹn lọ? Orí ò tiẹ̀ gbára rárá!”

“Ó ti yé yín.”

“Kò tíì yé mi tán,” ni Onídìrí wí. “Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí ìyá wọlé.”

Ìyá Tíṣà wọlé, kò sì wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó jókòó sórí àga, ó ní òun ò ní dìde nítorí pé ní ìjókòó ni gbogbo rẹ̀ ti bá òun.

“Ọjọ́ yẹn ni ẹni tó ń kọ́ mi níṣẹ́ máa kọ́kọ́ rán mi níṣẹ́ lémi nìkan. Kéèkì ńlá kan ni, wọ́n fẹ́ fi dágbére fún ọ̀gá kan tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀, àjà tó ga jù ni ọ́fíìsì ẹ̀ wà. Ó ní bí nǹkan bá ṣe kéèkì yẹn, kí n má padà wá. Mi ò wọ ẹ̀rọ yẹn rí láyé mi. Mo wọ̀ ọ́, mo tẹ bọ́tìnnì, ó gbéra. Lẹ́yìn náà, ó dúró, gbogbo ibẹ̀ ṣú dùdù. Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mo lu irin, mo pariwo, mo sunkún. Mo rò pé bí ayé mi ṣe máa parí nìyẹn, pẹ̀lú kéèkì tí mi ò lè jẹ.”

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Bàbá Tíṣà ti fẹ́ ya ẹnu. Tíṣà wò ó, ó pa á dé.

“Mo wá gbọ́ ohùn kan láti ibi àlàfo kékeré lókè. Ohùn náà wúwo, mo rò pé bàbá àgbàlagbà ni. Ó ní, ‘Ẹ má sunkún mọ́. Wọ́n ti lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá.’ Mo ní ṣé kò ní pẹ́? Ó ní kò ní pẹ́. Irọ́ ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ! Olùtọ́jú ilé yẹn jẹun bí ẹni tí kò ní jẹun mọ́ láyé ẹ̀. Nígbà tí ohùn náà rí i pé ẹkún mi tún ń bọ̀, ó ní, ‘Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan fún yín, tí bàtà òsì ẹ̀ kì í gbélé.’”

“Bàtà òsì?” ni Ọ̀gá Gèètì béèrè. Gbogbo kíláàsì yíjú wò ó.

“Bàtà òsì. Tọ̀tún kì í jáde, ó jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́. Àmọ́ bílẹ̀ bá ti ṣú, tòsì á rọra kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Bílẹ̀ bá fi máa mọ́, á ti padà síbi tó wà. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà bá yanrìn etí òkun nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ó bá òdòdó tútù. Ó fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bàtà wọ́ bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, tòun ti ẹni tó sùn sórí ẹ̀! Ni ọkùnrin náà bá ní ó tán. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ní, ‘Ibi tó ò ń lọ, a jọ ń lọ ni.’ Bàtà gbé e, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ lẹ́yìn ẹ̀, pọ́n-ún, pọ́n-ún, pọ́n-ún, ó kọjá ìgboro, ó kọjá afárá, títí wọ́n fi dé iwájú ilé kan. Bàtà dúró. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè kó kan ilẹ̀kùn…”

Ìyá Tíṣà gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó sì fi í síbẹ̀.

“Ẹ rò pé mo ṣì ń sunkún nígbà yẹn? Mo ti gbàgbé pé inú òkùnkùn ni mo wà. Ẹ̀yìn bàtà ni mo wà. Mo tiẹ̀ ti ń gbàdúrà kí kọ́kọ́rọ́ má tíì dé. Àfi bí ohùn náà ṣe ké pé, ‘Kọ́kọ́rọ́ ti dé!’ Ló bá sáré lọ. Mo ń pariwo pé, ‘Ẹ dúró! Ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn?’ Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.”

“Ha!” ni Onídìrí wí, ó di orí mú. “Wọn ò parí ẹ̀?”

“Wọn ò parí ẹ̀. Wíìlì tí wọ́n ń yí lókè, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn ṣí, mi ò sì rí bàbá àgbàlagbà kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo rí, gírísì wà nímú ẹ̀. Apá tí wọ́n ń wí yẹn, ẹ jọ̀ọ́, apá wo? Mo bi í ní ohun tí mo ti ń bi í láti ìgbà tó ti sáré lọ: ‘Ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà?’ Ó wo ojú mi, kò tiẹ̀ ronú. Ó ní, ‘Èmi ni.’”

Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí itan.

“Mo ní, èyí mà ga o. Ọkùnrin tó lè dáhùn báyìí, tó ní òun gan-an ni bàtà ń wá lọ! Kò sẹ́ni tó bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé ẹ̀yin ò ní padà lọ wo irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mo ní mo wá dúpẹ́. Ojú ló ń tì mí.”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ara wọn lójú. Gbogbo wọn ti gbọ́ ẹnu bàbá, wọ́n sì mọ ohun tí ìyá kò tíì mọ̀. Níkẹyìn, Bàbá Tíṣà ṣí fìlà lórí.

“Ìyá Tíṣà,” ó sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́, “bàtà wo?”

“Bàtà wo kẹ̀?”

“Mo máa ń sọ ìsọkúsọ fún gbogbo ẹni tó bá há sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n má bàa dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò rántí bàtà kankan. Nígbà tó o bi mí pé ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ni mo rò pé ò ń wí. Mo ní, ‘Èmi ni.’ Èmi ni mo kúkú wà níbẹ̀.”

Ìyá Tíṣà wò ó. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, bí ìgbà tí kúrukùru bá kọjá lórí oòrùn. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn bí ohun ọ̀ṣọ́, bó bá ń po ìyẹ̀fun, bó bá ń dúró de ọkọ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́. “Ẹ ò dá mi lóhùn nígbà náà?” ó ní. “Gbogbo àsìkò yìí?”

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ wí nínú. Ó ti kó àwọn òbí rẹ̀ wá sójú gbogbo ayé, ó sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan tó dára jẹ́.

Bàbá dìde, ó rìn lọ síwájú ìyàwó rẹ̀.

“Ìbéèrè tí mo dáhùn lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe èyí tó o bi mí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ńkọ́? Láti ọjọ́ yẹn títí dòní, ilẹ̀kùn ilé wa tó ò ń kàn, nígbà tí ọwọ́ ẹ bá kún fún kéèkì, ta lò ń bá lẹ́yìn ẹ̀?”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti etí ẹnu ìyá.

“Ẹ̀yin ni,” ó ní. “Pẹ̀lú gírísì nímú.”

Onídìrí hó yèè, ó ń fi gèlè nu ojú. Bíríkìlà ń lu tábìlì. Kódà olùtọ́jú ilé ìkàwé gòkè wá láti ìsàlẹ̀ láti wá bẹ̀ wọ́n pé àwọn èèyàn ń kàwé, nígbà tó sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fa àga kan, ó jókòó.

Nígbà tí ara rọlẹ̀, Tíṣà mú ẹfun, ṣùgbọ́n kò rí àyè kọ nǹkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ dúró o,” ni Bíríkìlà wí. “Ìtàn kan náà ni, àbí? Lẹ́nu bàbá, ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ láti dúró de kọ́kọ́rọ́, wíìlì ló wá gba gbogbo àyè. Lẹ́nu ìyá, kọ́kọ́rọ́ ló gba gbogbo àyè, wíìlì ò tiẹ̀ sí.”

“Àhunpọ̀ ìtàn nìyẹn,” ni Tíṣà wí. “Ohun tó ká òǹsọ̀tàn lára ló máa ń fà gùn.”

“Ibùdó náà yàtọ̀. Bàbá wà lórí òrùlé, ìyá wà nínú òkùnkùn.”

“Ta wá ni olú ẹ̀dá ìtàn?” Onídìrí béèrè. “Mo ti sọ pé bàbá ni. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ìyá ni.”

“Àwọn méjèèjì ni,” ni Bíríkìlà wí.

“Olùtọ́jú ilé ni,” ni Ọ̀gá Gèètì wí.

Wọ́n yíjú sí i. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ kò dákẹ́. “Ká ní ó tètè jẹun tán, bàbá ò ní sọ ìtàn bàtà, ìyá ò ní béèrè ìbéèrè, kò ní sí ìgbéyàwó. A ò ní ní Tíṣà. Oúnjẹ ọkùnrin yẹn ló fa gbogbo ẹ̀.”

Wọ́n bá a jiyàn títí. Onídìrí ní èèyàn ò lè jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn nígbà tí kò dé inú ìtàn, Ọ̀gá Gèètì sì ní òun mọ ọ̀pọ̀ ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Tíṣà ráyè, ó sọ fún wọn pé ọ̀nà ìsọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe ni bàbá àti ìyá lò: ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ló ń sọ ọ́, ohun tí ojú rẹ̀ bá sì tó ni kò ní jù. Ó ní òǹsọ̀tàn mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní arínúróde, tó máa ń rí inú gbogbo èèyàn bó ṣe ń rí òde wọn.

“Ẹni tó bá jẹ́ arínúróde,” ó ní, “ì bá ti sọ fún wọn láti ọjọ́ kìíní pé wọn ò gbọ́ ara wọn yé.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó sọ ọ́!” ni Ìyá Tíṣà wí. “Ì bá ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.”

Wọ́n gé kéèkì. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, Onídìrí ní òun ò ní lè sùn bí òun ò bá gbọ́ ẹni tó wà nílé tí bàtà gbé ọkùnrin náà lọ. Bàbá Tíṣà ní òun ò rántí. Wọ́n ní kó dá a báyìí. Ó ronú, ó nu ẹnu, ó ní ilé aránbàtà ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rán bàtà náà, àárò ilé ló ń sọ ọ́. Bíríkìlà ní ìyẹn ò dùn tó. Ó ní ilé obìnrin kan ló yẹ kó jẹ́, tí bàtà ọ̀tún tiẹ̀ kì í gbélé. Ìyá Tíṣà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tóun mọ̀ tẹ́ òun lọ́rùn.

Nígbà tí tọkọtaya náà ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Tíṣà gbọ́ ohùn wọn láti òkè. Bàbá ń béèrè pé, ṣé lóòótọ́ ni apá òun ò tóbi nígbà yẹn? Ìyá ń dáhùn pé gírísì ni òun ń wò.

Láti ọjọ́ yẹn, kíláàsì lítíréṣọ̀ di ibi tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ pa jẹ. Tíṣà ò ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn mọ́. Á ní kí ẹnì kan sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹlòmíràn wá tún un sọ láti ojú ẹnì kejì. Onídìrí sọ̀rọ̀ oníbàárà kan tó sùn lọ lórí àga; ó sọ ọ́ lójú ara rẹ̀, ó tún sọ ọ́ lójú oníbàárà náà tó jí, tó bá irun ẹlòmíràn lórí ara rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n mú ìwé tí wọ́n ń kà jáde, èyí tó ti ń sú wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń bá àwọn ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀ jà bí ẹni ń bá aládùúgbò jà.

Wọ́n ṣe ìdánwò náà nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, Tíṣà sì dúró dè wọ́n níta lábẹ́ igi. Onídìrí àti Bíríkìlà ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá Gèètì ò jáde. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Níkẹyìn, ó yọ, tádáwà kún ìka rẹ̀, ó ní òun gba ìwé lẹ́ẹ̀mejì nítorí èyí tí wọ́n fún òun kò tó.

“Kí lẹ kọ tó bẹ́ẹ̀?” ni Tíṣà béèrè.

“Ẹ jókòó,” ó ní. “Ó gùn díẹ̀.”

Èsì dé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Onídìrí yege, Ọ̀gá Gèètì sì gba máàkì tó ga jù nínú kíláàsì. Bíríkìlà fi ìdí rẹmi nínú ìṣirò, ẹ̀kọ́ tí kò bà á lẹ́rù rí, ṣùgbọ́n ó yege nínú lítíréṣọ̀, ó sì ní kò burú, òun á tún ìṣirò ṣe. Ó wá ṣe é ní ọdún kejì, ó sì yege. Ní ti Bàbá Tíṣà, kò sẹ́ni tó tún lè dá a dúró. Gbogbo Sátidé ló ń dé fìlà rẹ̀ wá sí kíláàsì, ó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, á sì fi ọwọ́ bo ẹnu bí ìyàwó rẹ̀ bá ti wọlé.